Orúkọ Tó Sá Wá Sábẹ́ Ọwọ́ Àǹtí Òwúrọ̀

Àǹtí Òwúrọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń tan iná, òun náà ló ń ṣí fèrèsé kí òórùn kápẹ́ẹ̀tì àná lè jáde. Iṣẹ́ tó sì ń ṣe, iṣẹ́ òwúrọ̀ ni lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ wọn ń mójú tó àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé. Ẹ má rò pé wọ́n ń lọ bá wọn nílé o. Bọ́tìnì ni wọ́n fún kálukú wọn, bọ́tìnì pupa kan báyìí, ó tóbi tó ìdérí ìgò, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Tí bàbá tàbí ìyá bá ti jí láàárọ̀, á tẹ̀ ẹ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju "mo jí o" lọ. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ títí àsìkò ẹ̀ fi pé, orúkọ ẹ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà Àǹtí Òwúrọ̀, Àǹtí á sì pè é lórí fóònù: "Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Tí ẹni náà bá dáhùn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Tí kò bá dáhùn, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tó jókòó nítòsí ẹ̀ á rán ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ wò ó.

Àǹtí Òwúrọ̀ fúnra ẹ̀ ń dá gbé. Ọkọ ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin, bá iṣẹ́ lọ sí ibi tó jìnnà débi pé tí ilẹ̀ bá ń mọ́ níbí, ó ti ń ṣú lọ́hùn-ún. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé, lókè pátápátá, níbi téèyàn ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé lórí páànù. Ife tíì méjì ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan ṣoṣo ni omi ń kàn. Tó bá ti wọlé, rédíò ló kọ́kọ́ ń tàn. Kì í kúkú gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó kàn fẹ́ kí ohùn èèyàn wà ní kíṣìnì ni.

Kì í ṣe pé kò lẹ́bí o. Ẹbí ń bẹ rẹpẹtẹ. Gbogbo wọn wà nínú gúrúùpù kan lórí fóònù. Láràárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì, Àǹtí á kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé." Kó tó di ọ̀sán, àbúrò ẹ̀ obìnrin á ti fi fọ́tò ilẹ̀kùn tuntun tó rà síbẹ̀, ọkọ àbúrò ẹ̀ á ti fi àdúrà gígùn tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ wọn á ti fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Tí Àǹtí bá wá ń wá ìkíni ẹ̀ lọ, àtàǹpàkò ẹ̀ á fà á títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ lé e lórí ni.

Nínú gbogbo àwọn tó ń pè láàárọ̀, ọ̀kan wà tí kì í tẹ bọ́tìnì tiẹ̀ rárá. Bàbá Onílífítì ni Àǹtí sọ ọ́. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, lífítì ló ń wa nínú ilé gogoro kan, lífítì àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ darí, tó ní géètì onírin tó ń ká jọ bí abẹ̀bẹ̀. Ara Bàbá le. Etí ẹ̀ já geere. Bọ́tìnì ò jìnnà sí orí ibùsùn ẹ̀ rárá, tó bá na ọwọ́, ọwọ́ á tó o. Síbẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́, àwáwí tuntun ló sì máa ń ní lójoojúmọ́.

"Bàbá, ẹ ò tíì tẹ bọ́tìnì yín o."

"Àbí? Mo rò pé mo ti tẹ̀ ẹ́. Àṣé iná yàrá ni mo tẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì: "Aṣọ ni mo gbé kọ́ sórí ẹ̀, ọmọ mi. Mi ò rí i mọ́."

Lọ́jọ́ mìíràn: "Ìka tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ro mí."

"Bàbá, ìka mẹ́wàá lẹ ní."

"Àwọn tó kù ò kọ́ṣẹ́ ọ̀hún."

Ẹ̀rín á pa Àǹtí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bàbá á sọ àlá tó lá, á sọ ẹni tó pa ilẹ̀kùn dé gbàà ní ilé kejì, á sọ bí àwọn tó ń gbé gòkè láyé àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. "Gbogbo wọn ló ń kọjú sí géètì," ló máa ń wí. "Wọ́n á wọlé, wọ́n á pe àjà tí wọ́n ń lọ, wọ́n á kẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀yìn ọrùn ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo mọ̀ nílùú yìí. Tí mo bá rí ojú wọn lọ́jà, mi ò lè dá wọn mọ̀." Tó bá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, á ní: "Ó dọ̀la o. Tí ìka mi ò bá tíì san."

Àǹtí mọ ìdí tí Bàbá kì í fi tẹ bọ́tìnì. Bàbá mọ̀ pé Àǹtí mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí Bàbá ò wá mọ̀ ni pé òun ni Àǹtí máa ń fi sí ìparí, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Á pe gbogbo àwọn tó kù tán, á mu omi, á tún àga ẹ̀ ṣe, á wá pe Bàbá. Lẹ́yìn ìpè yẹn, kì í sábà sí ẹlòmíì tó máa bá Àǹtí sọ̀rọ̀ tó kọjá "ẹ sún díẹ̀" nínú bọ́ọ̀sì títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́.

Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó máa ń wọ bàtà tí kì í dún, ti kíyè sí ọ̀rọ̀ Bàbá. Ọjọ́ kan ló dúró lẹ́yìn Àǹtí.

"Bàbá yìí ò ṣàìsàn, kò yarọ, ojú ẹ̀ ò fọ́. Kí ló dé tí kì í tẹ̀ ẹ́?"

"Àgbà ni, Mà. Ó ń gbàgbé."

"Ẹ sọ fún un kó má gbàgbé mọ́. Àwọn tó ń dúró de bọ́tìnì pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá lò ó, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ẹ má pè é. Ẹni tó ṣubú sílẹ̀ ni fóònù wà fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe fàájì."

Àǹtí ní òun gbọ́. Kò sọ fún Bàbá.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ fi ra sọ́fítíwíà tuntun. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í dá nǹkan ṣe. Orúkọ á dúró jẹ́ẹ́ síbi tó wà títí Àǹtí á fi fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ ibi tó ń mú àkójọ di tuntun. Wọ́n ní ti ìsinsìnyí ò nílò ìyẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ń tún ara ẹ̀ ṣe. Bí ìyá kan bá tẹ bọ́tìnì nílé ẹ̀, wéré, orúkọ ẹ̀ ti pòórá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ á gun òkè lọ dí àyè náà. Bí àsìkò ẹlòmíì bá pé tí kò tíì tẹ̀, gìrì, orúkọ tiẹ̀ á já lu orí àkójọ, á ti gbogbo àwọn tó kù sísàlẹ̀.

Ó dùn ún gbọ́ létí. Ẹ wá wò ó láàárọ̀ nígbà tí gbogbo àgbàlagbà ìlú ń jí lẹ́ẹ̀kan náà! Orúkọ ń gòkè, orúkọ ń sọ̀kalẹ̀, bí èèrà tí wọ́n da omi sí ihò wọn. Tí Àǹtí bá fi máòsì fà á dé ìsàlẹ̀ pé kóun ka ẹni tó wà níbẹ̀, kó tó kà á tán, kọ̀ǹpútà ti gbé e padà sókè. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí wọ́n ń fa àga kúrò lábẹ́ ìdí ẹ̀.

Àǹtí wá dọ́gbọ́n sí i. Ó gé téèpù tín-ínrín kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, lábẹ́ ìlà tó ń kà lọ́wọ́, kí ojú ẹ̀ má baà ṣìnà. Téèpù dúró gbọn-in ní tiẹ̀. Orúkọ ni ò dúró.

"Àǹtí," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní, "ṣé ẹ fẹ́ fi téèpù dè é mọ́lẹ̀ kó má baà sá ni?"

"Tí mo bá rí okùn, okùn ni ǹ bá lò."

"Ẹ pe ọkùnrin tó ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì ló fẹ́ ṣe, tó wá ṣèèṣì ṣe èyí."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, kálukú padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, òjò ń rọ̀, ara ń ro àwọn àgbà, ọ̀pọ̀ wọn ò tètè dìde. Àkójọ orúkọ gùn gbọọrọ. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ibi méjì ló wà téèyàn lè tẹ̀: ọ̀kan ni "Pè é," èkejì ni "Ó ti dáhùn." Tí wọ́n bá ti tẹ "Ó ti dáhùn" fún ẹnì kan, orúkọ ẹ̀ á kúrò níbẹ̀, ó di ọ̀la. Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìyá kan sọ̀rọ̀ tán, ìyá tó jẹ́ aránṣọ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ikọ́ ló ń bá ìyá náà jà, Àǹtí ní kó mu omi gbígbóná. Ó wá gbé ọfà máòsì lọ síwájú orúkọ ìyá aránṣọ, síbi "Ó ti dáhùn," ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí ìka ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ gan-an, ẹnì kan lókè àkójọ jí, ó tẹ bọ́tìnì tiẹ̀. Orúkọ ẹni yẹn pòórá. Gbogbo ìlà gun òkè ní ìlà kan. Ìyá aránṣọ sún kúrò lábẹ́ ọfà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ sì bọ́ síbẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ọ̀hún, Bàbá Onílífítì ni.

Àǹtí gbójú sókè, ó rí i pé ìyá aránṣọ ṣì wà níbẹ̀. Ó rò pé òun ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Ó pòṣé, ó tún un tẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Nígbà tó pe gbogbo wọn tán, ó mu omi ẹ̀, ó tún àga ṣe, ó fa àkójọ sísàlẹ̀ láti pe Bàbá. Kò rí Bàbá. Ó fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀. Kò sí i.

"Ó ti tẹ̀ ẹ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ta ni?" Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í.

"Bàbá Onílífítì. Bàbá ti tẹ bọ́tìnì ẹ̀ lónìí."

"Àṣé ọgbọ́n ti dé. Inú Ọ̀gá á dùn."

Àǹtí náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe ohun tó dáa ni? Bàbá jí, ara ẹ̀ dá, kò ní wàhálà kankan, wọn ò ní gba bọ́tìnì lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, bó ṣe ń wo òjò lára gíláàsì, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ nínú. Bóyá Bàbá ti rí ẹlòmíì tó ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Tàbí kí ohùn òun ti sú u. Ó délé, ó tan rédíò, ó bu tíì sínú ife kan. Ó mú fóònù, ó wo gúrúùpù ẹbí. Wọ́n ń jiyàn nípa àwọ̀ ilẹ̀kùn àbúrò ẹ̀. Ó fẹ́ dá sí i, ó kọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, kó tó kà á tán láti fi ránṣẹ́, wọ́n ti kúrò lórí ilẹ̀kùn, wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú Àǹtí ló ṣe: ó ń wo orúkọ náà lọ́wọ́ ni, ó kàn pòórá, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ àbẹ́là pa. Lọ́jọ́ kẹta náà, bẹ́ẹ̀. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, orúkọ Bàbá ò pẹ́ lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Ọ̀gá gba ẹ̀gbẹ́ àga Àǹtí kọjá, ó ní, "Mo rí i pé Bàbá yẹn ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Àǹtí ní kò tọ́pẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹjọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ jù, ọkùnrin tó ṣe sọ́fítíwíà náà wá fúnra ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti ní ìyàwó àti ọmọ ni, ó gbé báàgì sẹ́yìn, ó níwà pẹ̀lẹ́. Ó jókòó ti Àǹtí.

"Ẹ má bínú, Mà. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, kì í ṣe báyìí."

"Orúkọ mélòó ló wà lórí tìrẹ, àbúrò?"

"Kò pọ̀. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ síbẹ̀ láti fi dán an wò."

"Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà ń jí láàárọ̀, tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn yẹn? Wọn kì í jí, Mà."

"Ó dáa. Jókòó, kó o wo tiwa."

Ó wò ó. Àǹtí pe bàbá kan tó ní ẹsẹ̀ dídùn, wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Àǹtí gbé ọfà síwájú orúkọ ẹ̀. Ó tẹ "Ó ti dáhùn." Ìlà gbéra. Ọkùnrin náà na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà kíá.

"Ẹ dúró! Kì í ṣe bàbá yẹn lẹ tẹ̀, Mà. Ìyá tó wà lábẹ́ ẹ̀ lẹ tẹ̀. Bàbá yẹn ṣì wà níbí. Ẹ wò ó."

Àǹtí wò ó. Ó wo téèpù ẹ̀ tó dúró gbọn-in, ó wo orúkọ bàbá ẹlẹ́sẹ̀ dídùn tó ti gun òkè téèpù, ó wo àyè tí ìyá kan wà tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ òjò ọjọ́sí padà wá sí i lọ́kàn: ìyá aránṣọ tó ṣì wà lẹ́yìn tó ti tẹ̀ ẹ́, òun tó pòṣé, òun tó tún un tẹ̀.

"Bàbá Onílífítì," ó ní. "Bàbá ò tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo lé e lọ."

Wọ́n kọ́kọ́ wá orúkọ ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣì tẹ̀, wọ́n pè é, ó dáhùn, ó ń fọ abọ́ ni. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ìpè kan ṣoṣo tí kò pè ló wà lọ́kàn Àǹtí. Ohun tó ń rò ni pé, ká ní ilẹ̀ balùwẹ̀ ni Bàbá wà láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn ńkọ́? Wọ́n á wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n á rí i pé ó ti dáhùn, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ máa fi ránṣẹ́ síbì kankan.

Ó lọ síbi tí kọ̀ǹpútà ń kó orúkọ àwọn tó ti jí sí, ó rí ti Bàbá níbẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní, "Àǹtí, ó ti tẹ̀ ẹ́ o. Ọ̀gá wà nínú yàrá ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Fóònù dún títí kí wọ́n tó gbé e.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," Bàbá ní. Kò kí i. "Mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó wọ bàtà. Ẹ lọ wò ó."

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí lẹ wá pè mí sí?"

Ẹ! Bàbá tó ń pè é ní ọmọ mi ló ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá akọ̀wé báǹkì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún Àǹtí ju ká ní ó bú u lọ.

"Bàbá, ọjọ́ tí òjò rọ̀ yẹn, tí mi ò pè yín. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Orúkọ yín ló sá wá sábẹ́ ọwọ́ mi."

"Orúkọ mi ò lẹ́sẹ̀."

"Lórí kọ̀ǹpútà tuntun wa, ó lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíì ni mo fẹ́ tẹ̀. Gbogbo ìlà gbéra, ẹ̀yin lẹ bọ́ sábẹ́ ìka mi. Ẹ rántí lífítì yín, Bàbá. Tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kó wọlé, tí lífítì sì gbéra ńkọ́?"

Àǹtí ń gbọ́ aago kan tó ń dún nílé Bàbá, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀.

"Ta ló ṣí géètì nígbà tí lífítì ò tíì dúró?" Bàbá bi í.

"Ọkùnrin tó ṣe kọ̀ǹpútà ọ̀hún ló jókòó tì mí yìí."

"Sọ fún un pé kò lè wọ lífítì mi."

"Bàbá ní o ò lè wọ lífítì òun," Àǹtí sọ fún un. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí àga, bí ẹni pé Bàbá ń wò ó.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Mi ò wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo ní tí mo bá wọ ilé ìwẹ̀, mi ò ní gbọ́ fóònù. Mo jókòó tì í. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo ní, ó dáa, ó ti sú obìnrin yẹn. Kí n má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà rò pé ó ti sú ẹ̀yin ni."

"Ìgbà wo ló sú mi?"

Àǹtí fẹ́ dáhùn, ó rí bàtà Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bàtà yẹn kì í sáà dún.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni yìí ti tẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin onísọ́fítíwíà ló dáhùn. "Àṣìṣe tèmi ni, Mà. Sọ́fítíwíà ló sọ pé Bàbá ti dáhùn nígbà tí kò dáhùn. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n pè é, ká lè mọ̀ dájú." Kì í ṣe òun ló ní kí wọ́n pè é. Àǹtí kò tú u fó.

"Ṣé ẹ ti wá mọ̀ báyìí?"

"A ti mọ̀, Mà."

"Ó yá, ẹ gbé e sílẹ̀."

Bàbá ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lọ́la, wọn ò ní jẹ́ kó o pè mí?"

"Wọn ò ní jẹ́, Bàbá."

"Tí mi ò bá sì tẹ̀ ẹ́?"

Àǹtí wo Ọ̀gá, ó wo ilẹ̀. "Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín."

"Ẹn-hẹn," Bàbá ní, fóònù sì kú.

Ọkùnrin náà lo gbogbo ọjọ́ yẹn níbẹ̀. Ó ní nǹkan tó yẹ kóun ti ṣe tẹ́lẹ̀ nìyí: ibi tí ojú ẹni tó ń kà á bá wà, ibẹ̀ ni àkójọ gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí orúkọ tuntun bá dé, kò ní já lu èèyàn lórí mọ́. Ìlà tín-ínrín kan ló máa yọ lókè, tó máa sọ pé, "Àwọn tuntun ti dé, tẹ ibí." Orúkọ ò ní wọlé àfi tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un.

"Àwọn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?" ó bi Àǹtí. "Ṣé kí n ṣì máa yọ wọ́n kúrò bẹ́ẹ̀?"

Àǹtí rò ó. "Má jẹ́ kí wọ́n pòórá lójú mi báyẹn. Sọ wọ́n di aláwọ̀ eérú, kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà díẹ̀. Kí n lè rí ẹni tó ń lọ."

Kí ọkùnrin náà tó lọ, ó ṣí téèpù kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ó fi èékánná họ gọ́ọ̀mù tó kù kúrò. Àǹtí gba téèpù lọ́wọ́ ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ tábìlì. Kò mọ ìdí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àkójọ dúró bí omi inú àmù. Àǹtí kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí orúkọ tó ta pútú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń di aláwọ̀ eérú bí àwọn onílé wọn ṣe ń jí: ìyá aránṣọ, bàbá ẹlẹ́sẹ̀ dídùn, ìyá tó ń fọ abọ́. Ti Bàbá Onílífítì ṣì dúdú. Àǹtí ò gbójú kúrò lára ẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn ẹ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tẹ̀ ẹ́.

Orúkọ náà di aláwọ̀ eérú.

Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ọwọ́ Àǹtí wà lórí máòsì, kò ríbi gbé e lọ. Ó pe àwọn tó kù. Ó mu omi ẹ̀. Ó tún àga ẹ̀ ṣe, àfi bí ẹni tó ṣì ní nǹkan tó ń dúró dè.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ na fóònù sí i láti tábìlì kejì. Fóònù tí àwọn àgbà fi ń pè wọ́n tí nǹkan bá ṣe wọ́n ni. "Bàbá kan ló ń béèrè yín. Mo bi í bóyá ó ṣubú, ó ní òun ò ṣubú."

Àǹtí gbà á. "Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bá wa wí." Ohùn ẹ̀ ń yára bí ẹni tó jí nǹkan mú. "Wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ pè mí. Wọn ò sọ pé kí n má pè ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ béèrè, ọmọ mi. Ṣé o jí?"

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ni Àǹtí ti bi ní ìbéèrè yẹn láàárọ̀ yẹn nìkan. Ó wá a nínú orí ara ẹ̀ pé ta ló bi òun gbẹ̀yìn, kò rí ẹni náà.

"Mo jí, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀la," Bàbá ní, ó sì gbé e sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Àǹtí dá fóònù padà fún Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tín-ínrín ti yọ lókè: àwọn tuntun ti dé, tẹ ibí. Kò sí orúkọ tó já lu òmíràn. Gbogbo ẹ̀ dúró dè é. Ó nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó gbé ọfà lọ síbẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn.